Ewé Irin Keje Lábẹ́ Ọkọ̀ Nọ́ọ̀sì

Ní ìlú Òkè-Ìgbín, ọkùnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Ògúnṣínà. Ilé alágbẹ̀dẹ ni wọ́n bí i sí, iṣẹ́ ọkọ́ àti àdá rírọ ni baba rẹ̀ sì fi tọ́ ọ dàgbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ́ àti àdá bẹ̀rẹ̀ sí í ti òkè òkun wá, Ògúnṣínà kó ẹwìrì àti owú baba rẹ̀ lọ sí ẹ̀bá títì, ó sọ ara rẹ̀ di ẹni tí ń tún sípíríǹgì mọ́tò ṣe. Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá ru igi gẹdú títí tí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ. Yóò tú àwọn ewé irin tó wà lábẹ́ rẹ̀, yóò ki wọ́n bọ iná títí wọn yóò fi pọ́n, yóò lù wọ́n títí wọn yóò fi tún tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, yóò sì rì wọ́n bọ epo. Ọkọ̀ tó bá wọ́dìí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ yóò nàró lọ.

Ògúnṣínà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Kì í mutí, kò gbé ọwọ́ sókè sí obìnrin rí, iṣẹ́ tó bá sì ṣe kì í padà wá. Àléébù kan ṣoṣo ló ní, kì í sì í ṣe gbogbo ènìyàn ló mọ̀ ọ́n: ó ń jowú òkú.

Òkú tí Ògúnṣínà ń jowú rẹ̀ ni Tíṣà Láoyè. Láoyè yìí ló kọ́kọ́ fẹ́ Fẹ̀yìntọlá, agbẹ̀bí ilé ìgbẹ̀bí ìlú, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Nọ́ọ̀sì. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n jọ gbé kí ikú tó mú tíṣà lọ. Ìyàwó Ògúnṣínà náà ti kú nígbà yẹn, Ọláìtán, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí fún un, sì ti wà nílé ọkọ. Bí opó ọkùnrin àti opó obìnrin ṣe fẹ́ ara wọn nìyẹn. Ọjọ́ tí Fẹ̀yìntọlá dé ilé Ògúnṣínà, àpótí aṣọ kan àti mọ́tò kan ló gbé wá.

Mọ́tò Láoyè ni. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àtijọ́ aláwọ̀ ewé ni, imú rẹ̀ rí roboto, iná iwájú rẹ̀ yọ síta bí ojú ọ̀pọ̀lọ́, irú rẹ̀ kò sì sí lójú títì mọ́. Òun ni Nọ́ọ̀sì ń wà lọ sí àwọn abà tó wà nínú igbó kòkó láti lọ gbé àwọn aláboyún tí ìrọbí bá ti mú. Àga ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò tẹ́ wọn sí, yóò sì rọra wà wọ́n dé ilé ìgbẹ̀bí.

Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, Fẹ̀yìntọlá a máa fi omi ọṣẹ fọ ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀, kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn bá a fọ̀ ọ́. Bó bá nù ún tán, a fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a lẹ́yìn jẹ́jẹ́, a ní, "O ṣeun, ọkọ̀ mi." Ògúnṣínà a máa wò ó láti ojú fèrèsé. Kì í gbọ́ "ọkọ̀." "Ọkọ" ni etí rẹ̀ ń gbọ́.

Àwọn awakọ̀ tó ń wá sí ìsọ̀ náà mọ ibi tó ti ń dùn ún. Wọn a ní, "Ẹ̀gbọ́n Ṣínà, nínú ọkọ àti ọkọ̀, èwo ni Nọ́ọ̀sì fẹ́ràn jù?" Yóò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti yí ẹ̀yìn padà, irin tó wà níwájú rẹ̀ yóò jìyà. Bàbá Gbàdàmọ́sí, àgbàlagbà wẹ́dà tí ìsọ̀ rẹ̀ fara kan tirẹ̀, a máa sọ pé owú tó wà lọ́wọ́ Ògúnṣínà kò wúwo tó owú tó wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí ìgbéyàwó wọn pé ọdún méje, Ògúnṣínà ṣírò rẹ̀ nínú ọkàn. Láoyè lo ọdún mẹ́fà. Òun ti lo méje. Ó wá dá a lójú pé òun ti ju òkú lọ, pé ọ̀rọ̀ náà ti parí. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, ó gbọ́ omi tó ń dà sínú péèlì, ó gbọ́ àtẹ́lẹwọ́ lára irin, ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó máa ń gbọ́.

Ọdún keje yẹn náà ni ẹ̀yìn ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ní àkọ́kọ́, ó kàn dà bí ẹni pé ẹnì kan jókòó sẹ́yìn ni. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó dáwọ́ dúró, ọkọ̀ náà ti lóṣòó bí ewúrẹ́ tó fẹ́ tọ̀. Táyà ẹ̀yìn ń ha irin òkè rẹ̀, òórùn rọ́bà jíjó a sì máa tẹ̀lé Nọ́ọ̀sì lọ síbi gbogbo. Bó bá bọ́ sí kòtò, ìdí ọkọ̀ a gbá ilẹ̀ gbàà.

"Sípíríǹgì gbogbo ayé lò ń tún ṣe," awakọ̀ kan sọ fún Ògúnṣínà, "ti ìyàwó rẹ ń wọ́dìí nílẹ̀." Ọjọ́ yẹn ni kò bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bó ṣe ń jẹun lọ́wọ́, Fẹ̀yìntọlá wá jókòó tì í.

"Bàbá Ọláìtán, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ẹ bá mi wo ẹ̀yìn ọkọ̀ yìí. Obìnrin tí mo gbé láti Abà Ṣàngólẹ́yẹ lánàá, bí ọkọ̀ ṣe ń gbá mọ́lẹ̀ dùn ún ju ìrọbí lọ."

"Tà á," Ògúnṣínà dáhùn, kò gbójú kúrò lára oúnjẹ. "Irin gbígbó ni. N ó wá òmíràn fún ọ."

"N kò fẹ́ òmíràn."

"Mo mọ̀ pé o kò fẹ́ òmíràn."

Fẹ̀yìntọlá yí ojú sí i. "Kí ni ẹ ní lọ́kàn tí ẹ fi sọ bẹ́ẹ̀?"

"N kò ní nǹkan kan lọ́kàn. Ọbẹ̀ yìí dùn."

Nọ́ọ̀sì kì í bẹ ẹnikẹ́ni lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n nítorí àwọn aláboyún rẹ̀, ó tún bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kejì, ó tún bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kẹta. Ní ọjọ́ kẹta, èrò kan sọ sí Ògúnṣínà lọ́kàn: ọwọ́ òun kò tíì kan mọ́tò yìí láti ìgbà tó ti wọ inú ọgbà òun. Bí òun bá tún un ṣe, ohun kan yóò wà lára rẹ̀ tí kì í ṣe ti Láoyè. Ó ní kó gbé e wá ní ọjọ́ Ajé.

Ní ọjọ́ Ajé, ó fi jáàkì gbé ìdí ọkọ̀ sókè, ó ki igi sábẹ́ rẹ̀, ó sì tú sípíríǹgì ẹ̀yìn méjèèjì. Ewé irin mẹ́fà mẹ́fà ló wà ní apá kọ̀ọ̀kan, wọ́n tò léra, èyí tó gùn jù lókè, èyí tó kúrú jù nísàlẹ̀. Ó kó wọn sílẹ̀, ó fi ọmọ owú kan ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Gbogbo wọn dún gooro. Kò sí èyí tó sán, kò sí èyí tó nà tán nínú wọn. Ọ̀rọ̀ náà yà á lẹ́nu. Láti ọdún tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, bí ọkọ̀ bá lóṣòó, ewé irin tó ti rẹ̀ ni yóò bá nídìí rẹ̀. Irin wọ̀nyí kò rẹ̀.

Ó tún padà sábẹ́ ọkọ̀. Ó fi ọwọ́ ti ibi tí orí sípíríǹgì ti so mọ́ egungun ọkọ̀, lábẹ́ àga ẹ̀yìn gan-an. Ìyẹ̀fun pupa dà sí i lọ́rùn ọwọ́. Ó mọ ohun tí ìyẹ̀fun yẹn jẹ́. Irin tí ìpáàrà ti jẹ dénú ló máa ń tú bẹ́ẹ̀.

Bàbá Gbàdàmọ́sí ti wá bẹ̀rẹ̀ tì í. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́ nítorí iná wẹ́dà, ṣùgbọ́n ó rí ìyẹ̀fun náà.

"Ṣínà, àwọn ewé irin wọ̀nyí kò ní àìsàn," bàbá náà wí. "Gbé àga ẹ̀yìn kúrò, kí o wo ibi tí wọ́n so wọ́n kọ́. Òkè ni àrùn yẹn wà, kò sí nísàlẹ̀."

Ògúnṣínà wọ inú ọkọ̀. Ó di etí àga ẹ̀yìn mú lápá ọ̀tún, ó gbé e sókè díẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ rí ni fìlà. Fìlà àrán dúdú kan wà lábẹ́ àga, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ igun dáadáa, bí ìgbà tí ènìyàn bá fi nǹkan iyebíye pamọ́. Kò sí ẹni tí kò mọ fìlà yẹn ní Òkè-Ìgbín. Òun ni Tíṣà Láoyè ń dé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi.

Ara Ògúnṣínà gbóná láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé àtàrí. Ó rántí gbogbo Sátidé tó ti kọjá. Ó rántí pé obìnrin yìí kò gbà kí ẹlòmíràn fọ ọkọ̀ náà rí. Ó wí nínú ọkàn rẹ̀ pé, ohun tó ń ṣọ́ nìyí! Ọdún méje ló ti ń gbé inú ilé mi, tó ń jẹ iṣu mi, fìlà ọkùnrin mìíràn ni ó sì ń sàba lé lórí bí adìyẹ. Kò fa fìlà náà jáde, kò wo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó jọ̀wọ́ àga, àga sì padà sáyè rẹ̀.

"Kí lo rí?" Bàbá Gbàdàmọ́sí béèrè.

"N kò rí nǹkan kan, Bàbá."

Irọ́ tó kọ́kọ́ pa nídìí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ó wọ inú ìsọ̀, ó mú ewé irin ọkọ̀ akẹ́rù tó nípọn, ó gé e, ó tì í bọ iná, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú. Àwọn tó ń kọjá lọ ní títì ń wẹ̀yìn wò, nítorí wọn kò tíì gbọ́ kí owú dún bẹ́ẹ̀ rí. Ewé keje ló rọ, ọ̀kan fún apá ọ̀tún, ọ̀kan fún apá òsì. Ó fi wọ́n kún mẹ́fà mẹ́fà ti tẹ́lẹ̀, ó sì dì wọ́n pa.

"Ṣínà," Bàbá Gbàdàmọ́sí wí, "irin líle lábẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀ tó ti jẹrà yóò gún un yọ ni. Bí o bá fi kún agbára ìsàlẹ̀ láìwo òkè, òkè ni yóò ya."

"Bàbá, mẹ́fà ni ti Láoyè. Méje ni tèmi."

Bàbá àgbà mi orí. "Mọ́tò ni mò ń bá ọ sọ, òkú lò ń bá jà." Ó mú ìjókòó rẹ̀, ó padà sí ìsọ̀ tirẹ̀.

Nígbà tí wọ́n sọ ọkọ̀ kalẹ̀, ìdí rẹ̀ dúró gangan, ó tiẹ̀ ga ju imú rẹ̀ lọ. Fẹ̀yìntọlá rí i, ó kúnlẹ̀ sójú títì níwájú gbogbo àwọn awakọ̀. "Ẹ ṣeun, Bàbá Ọláìtán. Ọwọ́ yín kò ní kan àbùkù." Inú Ògúnṣínà dùn. Bí obìnrin náà ti dìde, ó yí sẹ́yìn ọkọ̀, ó fi ọwọ́ gbá a jẹ́jẹ́. "Ọkọ̀ mi," ó wí, "o ti dìde." Ayọ̀ Ògúnṣínà sì kan bí ẹ̀kọ àná.

Kò ju ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ tí apá ọ̀tún tún bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀.

"Bàbá Ọláìtán, ó tún ti ń rẹlẹ̀ o," Fẹ̀yìntọlá wí. "Mo sì ń gbọ́ ohun kan tó ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ lábẹ́ àga."

"Ẹrù tí ò ń kó ló pọ̀ jù."

"Aláboyún ni mò ń kó."

"Mo ti ṣe tèmi," Ògúnṣínà wí, ó sì jáde nílé.

Ó mọ̀ pé òkè ni àrùn náà wà. Ní gbogbo àárọ̀ tí ọkọ̀ náà bá ń jáde nínú ọgbà, ọkàn rẹ̀ a sọ fún un pé kó sáré tẹ̀lé e, kó dá a padà, kó gbé àga yẹn. Yóò ṣí ẹnu. Fìlà àrán dúdú yẹn yóò dìde níwájú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ yóò sì padé. Bó ṣe ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyẹn.

Ní ọjọ́bọ̀ kan, nígbà tí oòrùn ti kọjá àtàrí díẹ̀, ọlọ́kadà kan sá wọ ìsọ̀ náà, ó sì kígbe láti orí ọ̀kadà. "Ẹ̀gbọ́n Ṣínà! Ọkọ̀ Nọ́ọ̀sì ti já sínú igbó kòkó, lójú ọ̀nà Abà Ṣàngólẹ́yẹ!"

Ọmọ owú bọ́ lọ́wọ́ Ògúnṣínà. Ọlọ́kadà gbé òun àti Bàbá Gbàdàmọ́sí, wọ́n sì fò lọ. Lójú ọ̀nà, Ògúnṣínà kò sọ ju gbólóhùn kan lọ, ó sì ń sọ ọ́ lásọtúnsọ: "Mo rí i. Mo rí i."

Ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan wà ṣáájú afárá onígi tó wà lójú ọ̀nà náà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti bá ipa táyà tó ya kúrò lójú ọ̀nà. Ọkọ̀ aláwọ̀ ewé náà ti fi orí sọ igi kòkó, ìdí rẹ̀ sì ti jókòó sílẹ̀ pátápátá. Kí wọ́n tó dé ìdí rẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ igbe ọmọ tuntun.

Fẹ̀yìntọlá fẹ̀yìn ti igi kòkó. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn níwájú orí rẹ̀. Apá rẹ̀ ọ̀tún ti kán, ó fi gèlè rẹ̀ gbé e kọ́ ọrùn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lórí ewé kòkó gbígbẹ, Àmọ̀pé, ọmọbìnrin tó ń gbé lọ sí ilé ìgbẹ̀bí, dùbúlẹ̀, ó ti sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀. Ìyá ọkọ Àmọ̀pé ló gba ọmọ náà, Nọ́ọ̀sì sì ń fi ọwọ́ òsì júwe fún un bí yóò ti ṣe gbogbo rẹ̀.

"Fẹ̀yìntọlá!" Ògúnṣínà ké, ó sì wó lulẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Èmi kò kú. Ẹ lọ wo inú ọkọ̀," ó wí. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ púpọ̀.

Ògúnṣínà ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Orí sípíríǹgì apá ọ̀tún ti gún ilẹ̀ ọkọ̀ yọ, ó ti ya àga, ó sì nàró láàrin àga bí ọ̀kọ̀. Ibi tó yọ sí ni ẹ̀gbẹ́ aláboyún ì bá wà. Ìrora ló mú kí Àmọ̀pé fara sún mọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ lápá òsì, ohun tó gbà á là nìyẹn. Yí ká ibi tí irin yọ sí, ilẹ̀ ọkọ̀ ti pọ́n, ó ń rún wómúwómú bí àkàrà tó ti gbẹ. Fìlà àrán dúdú náà sì há sí ẹnu irin, ó ti ya sí méjì.

Ó yọ ọ́. Kò mọ ìgbà tó béèrè. "Fìlà Láoyè nìyí. Kí ló wá ṣe níbẹ̀?"

Fẹ̀yìntọlá wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tó sọ dáadáa. "Fìlà? Ihò ló wà nílẹ̀ ọkọ̀. Eruku ń gba ibẹ̀ wọlé sí àwọn aláboyún lójú. Mo wá àkísà tí n ó fi dí i, òun ni ọwọ́ mi bà nínú àpótí. Ó ti tó ọdún kan."

Ògúnṣínà wo fìlà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ihò ni?"

"Ihò ni. Ṣé ẹ rí i nígbà tí ẹ ń tún un ṣe ni?"

Ó lè parọ́. Bàbá Gbàdàmọ́sí wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sì ní tú u fó. Ṣùgbọ́n igbe ọmọ náà ṣì ń dún.

"Mo rí ìpáàrà," Ògúnṣínà wí. "Mo gbé àga, mo rí fìlà, mo sì jọ̀wọ́ àga padà. Mo rò pé ò ń tọ́jú rẹ̀ ni. Mo rò pé òun lò ń tọ́jú láti ọdún méje yìí wá."

Fẹ̀yìntọlá kò pariwo.

"Láyé Láoyè, ọwọ́ mi kò kan ọwọ́ ìwakọ̀ mọ́tò yẹn rí. Ó ní obìnrin kò gbọdọ̀ jókòó síbẹ̀. Ẹ̀yìn ni mò ń jókòó, lọ́dún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Nígbà tó kú, àwọn ẹbí rẹ̀ kó ilé, wọ́n kó oko, wọ́n kó aṣọ, wọ́n kó ìkòkò ọbẹ̀ mi lórí iná. Mọ́tò yìí kò ṣiṣẹ́ nígbà náà, abẹ́ igi máńgòrò ló wà, adìyẹ ń yé sínú rẹ̀. Wọ́n ní kí n máa gbé òkú irin lọ. Mo sùn nínú rẹ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlá, Bàbá Ọláìtán. Inú rẹ̀ ni mo ti kọ́ bí a ti ń wakọ̀. Òun ló gbé mi dé ibi tí ẹ ti rí mi. Kì í ṣe Láoyè ni mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbogbo Sátidé." Ó nu ẹ̀jẹ̀ ojú rẹ̀. "Ẹ ò bi mí rí. Ọdún méje, ẹ ò bi mí."

Ìyá ọkọ Àmọ̀pé gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Fẹ̀yìntọlá kò padà sílé rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Yàrá kan wà lẹ́yìn ilé ìgbẹ̀bí, ibẹ̀ ló lọ gbé kí apá rẹ̀ lè san. Kò sọ pé òun kọ ọkọ sílẹ̀, kò sì sọ pé òun ń bọ̀. Ní gbogbo àárọ̀, Ògúnṣínà a pọn omi, a gbé e dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, a kí i láti ìta. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kò dáhùn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ń dáhùn láti inú yàrá. Àwọn ènìyàn bi Ògúnṣínà léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó lọ sí Abà Ṣàngólẹ́yẹ, ó dọ̀bálẹ̀ fún Àmọ̀pé àti ọkọ rẹ̀, ó sọ fún wọn pé òun mọ̀, òun sì dákẹ́. Ọkọ Àmọ̀pé lé e jáde. Ó tún padà lọ.

Wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà wá sí ìsọ̀. Òun àti Bàbá Gbàdàmọ́sí yọ gbogbo àga rẹ̀, wọ́n gé gbogbo ibi tí ìpáàrà ti jẹ kúrò títí wọ́n fi kan irin tó mọ́. Bàbá jó irin tuntun tó nípọn mọ́ ọn ní apá méjèèjì. Iṣẹ́ náà gbà wọ́n ní oṣù kan àbọ̀. Nígbà tó ku kí wọ́n dá sípíríǹgì padà, Ògúnṣínà mú ewé keje méjèèjì, ó kó wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mẹ́fà mẹ́fà tí ọkọ̀ náà gbé wá sáyé ló dá padà sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Ìdí rẹ̀ dúró déédéé pẹ̀lú imú rẹ̀, kò ga, kò rẹlẹ̀.

Awakọ̀ kan ló bá wọn wà á dé ilé ìgbẹ̀bí, Ògúnṣínà sì fi ẹsẹ̀ rìn tẹ̀lé e. Fẹ̀yìntọlá jáde. Ó yí ọkọ̀ náà ká lẹ́ẹ̀kan. Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó gbé àga fúnra rẹ̀, ó wo abẹ́ rẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ òsì tẹ ìdí ọkọ̀. Ó lọ sílẹ̀, ó sì dìde padà.

"Ewé mélòó ló wà lábẹ́ rẹ̀?"

"Mẹ́fà."

"Ìkeje ńkọ́?"

"Mo yọ ọ́. Kò sí ohun tó wá ṣe níbẹ̀."

Fẹ̀yìntọlá jókòó sídìí ọwọ́ ìwakọ̀. Ó gbìyànjú láti fi ọwọ́ ọ̀tún fa jíà, ojú rẹ̀ sì fà ro. Ó wá na ọwọ́ òsì kọjá, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kejì láti inú.

"Apá mi kò tíì lágbára tó," ó wí. "Ẹ wọlé. Bí mo bá ní kí ẹ fa jíà, kí ẹ fà á."

Ògúnṣínà wọlé. Kò jókòó sínú ọkọ̀ yẹn rí láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra. Ó fi ọwọ́ lé jíà, ó sì ń retí kó sọ̀rọ̀. Bí wọ́n ṣe gba ojú títì kọjá nìyẹn, tí obìnrin ń darí, tí ọkùnrin ń fa jíà nígbà tí wọ́n bá ní kó fà á, wọ́n sì kọrí sí ọ̀nà ilé.

Àwọn awakọ̀ tó wà ní ìsọ̀ rí wọn. Ẹnu yà wọ́n, nítorí gbogbo wọn ló mọ̀ pé ewé méje ló wà lábẹ́ ọkọ̀ yẹn nígbà tó wó, pé mẹ́fà péré ló sì wà níbẹ̀ báyìí. Ọ̀kan nínú wọn bi Bàbá Gbàdàmọ́sí léèrè bí mẹ́fà ṣe wá lè gbé ohun tí méje kò lè gbé. Bàbá nu ojú rẹ̀ tí iná ti sọ di aláìlágbára, ó ní ẹni tó ń ka irin kò ní rí ìdáhùn, àfi ẹni tó bá gbé àga tó wo ẹ̀yìn wọn. Ọ̀rọ̀ tó fi parí rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni àwọn awakọ̀ gbé kiri láti ìlú dé ìlú, òun náà ló sì di òwe lẹ́nu àwọn àgbà, tí wọ́n fi ń sọ pé: ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.